Àwọn èèkàn Ẹ̀gbá lórí aṣọ àdìrẹ: ibi tí iṣẹ́ wa dé

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà

Aṣọ àdìrẹ tí a ó fi kọ́ sára ògiri kíláàsì ni èmi àti àwọn ọmọ pírámárì kẹrin dáwọ́ lé ní sáà yìí, kí àwòrán orí rẹ̀ lè máa sọ ìtàn àwọn èèkàn Abẹ́òkúta. Mo pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: ti Lísàbí, ti Ṣódẹkẹ́, ti Ẹ̀fúnróyè Tinúbú àti ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò ṣe aṣọ tirẹ̀, a ó sì rán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún wọn: wọn kò gbọdọ̀ ya ojú ẹnikẹ́ni. Ohun kan péré tí ó fi iṣẹ́ ẹni náà hàn ni kí wọ́n mú wá, kí wọ́n sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Òfin náà bá iṣẹ́ àdìrẹ mu. Páànù tín-ín-rín ni àwọn aládìrẹ ìlú wa máa ń gé sí àwòrán, tí wọn yóò gbé e lé aṣọ, tí wọn yóò sì fi ẹ̀kọ láfún kùn ún. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní mú un. Kí páànù má baà gé ọmọ lọ́wọ́, ike fáìlì ni a lò. Àwọn ọmọ ya àwòrán sí i, èmi sì fi abẹ gé e. Àwòrán tí ó bá kún jù yóò dàpọ̀ mọ́ra bí ẹ̀kọ bá ti bọ́ sínú rẹ̀, nítorí náà ọmọ tí kò bá tíì mọ ohun tí ó ṣe kókó jù nínú ìtàn kò ní rí nǹkan yà.

Lẹ́yìn ìwádìí

Ọ̀wọ́ méjì kò pẹ́ rárá. Ọkọ́ ni wọ́n yà fún Lísàbí, nítorí pé inú ẹgbẹ́ àáró, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń bá ara wọn roko, ni ó ti kó àwọn ènìyàn jọ kí wọ́n tó dìde sí àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn aṣojú ọba Ọ̀yọ́. Àwọn ti Ṣódẹkẹ́ ya Òkúta Olúmọ, níbi tí ó kó àwọn Ẹ̀gbá dé ní 1830.

Ọ̀dọ̀ ọ̀wọ́ Ransome-Kuti ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀. Mọ́tò ni gbogbo wọn kọ́kọ́ yà, nítorí pé ohun tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún pípẹ́ ni pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa mọ́tò ní Nàìjíríà. N kò bá wọn jiyàn, mo kàn bi wọ́n pé, “Ta ni mọ́tò náà ṣe láǹfààní?” Wọ́n padà sídìí ìwé. Wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó kàwé ni ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀, kí obìnrin ọlọ́jà kan tó sọ pé òun náà fẹ́ mọ̀wé kà. Pé láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, tí wọ́n sì jọ béèrè pé kí ìjọba má ṣe máa gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà mọ́. Pé ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Àti pé nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ni wọ́n ṣe ń ké títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ jẹ́ kí a ya agbọ̀n ìrẹsì, kí a fi síléètì lé e.” Inú mi dùn dé ìdí, nítorí pé kò sí ìwé kankan tí ó ti rí i kà.

Ọjọ́ aró, ní Ìtòkú

Ìyá aláró kan ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ fà sẹ́yìn, nítorí pé kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí ó lè jó ara, wà nínú aró. Òun nìkan ni ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Nígbà tí ó fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ni ó ní. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn fẹ́ sí i tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti etí wá sí àárín. Ọmọ kan pariwo pé, “Màmá, aṣọ ń yí padà!” Màmá dá a lóhùn pé, “Ó ń mí ni, ọmọ mi,” ó sì tún rì í bọ inú aró, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan kò lè mú un dúdú bó ṣe yẹ. Nígbà tí aṣọ gbẹ tí a họ ẹ̀kọ kúrò, síléètì náà funfun kedere.

Ohun tí ó kù

Ọ̀wọ́ Tinúbú kò tíì gé tiwọn. Ìbọn ni wọ́n fẹ́ yà, nítorí pé ó pèsè ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhómì gbógun wá ní 1864, a sì fi í jẹ Ìyálóde. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kà á pé ó ṣòwò ẹrú, wọ́n sì bi mí bóyá ó yẹ kí ìyẹn hàn. Èmi gbà pé ọmọdé lè gbọ́ òtítọ́ nípa ẹni tí ìlú ń bọlá fún, bí a bá sọ ọ́ fún un láìfi nǹkan bò. A ti fẹnu kò pé káàdì tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ yóò sọ méjèèjì. Àwòrán ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò mú ìpinnu wá, lẹ́yìn náà ni a ó padà sí Ìtòkú.