Ayò, Aró àti Ìtàn Ìfẹ́ Ayé Àtijọ́

Láàárọ̀ yìí, mo tẹ̀ síwájú díẹ̀ nínú ìtàn ìfẹ́ tí mo ń kọ lọ́wọ́. Ọdún 1907 ni ìtàn náà wáyé, nígbà tí ojú irin tó ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Òṣogbo níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bá iṣẹ́ rélùwéè wá láti Abẹ́òkúta ni ọkàn rẹ̀ fà sí ọmọ aláró, àmọ́ kò lè kàn lọ bá a lójú ọ̀nà, nítorí pé láyé ìgbà náà, alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé kan dé èkejì, àwọn òbí a sì ti wádìí ìdílé ara wọn dáadáa kí ọ̀rọ̀ ìtọrọ tó wáyé.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ ya àdìrẹ, eré tí mo fẹ́ràn jù lọ. Mo ro láfún títí ó fi ki, mo ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, mo sì ń fà á díẹ̀díẹ̀ lórí aṣọ funfun, nítorí pé ibi tí ẹ̀kọ láfún náà bá ti bò ni aró kò ní ráyè wọ̀. Bátànì tí wọ́n ń pè ní “Ìbàdàn dùn” ni mo yà, pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó rẹ̀. Ọmọbìnrin inú ìtàn mi kò lè ró irú aṣọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọdún 1929 ni wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn náà. Àdìrẹ oníko ni tirẹ̀, tí wọ́n ń fi ìko so ní kókó kókó kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Aró kì í tètè kúrò ní ìdí èékánná, bó ti wù kí ènìyàn fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. Èékánná yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú ẹni tó ni ín. Ìlú tí a ń kì ní aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun, ibo ni ìfẹ́ ìbá tún ti bẹ̀rẹ̀?

Nírọ̀lẹ́, èmi àti bàbá tí ilé wa jọ kángun síra ta ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, síbẹ̀ gbogbo ìwà ènìyàn ló ń hàn níbẹ̀. Bàbá rọra ń kó ọmọ ayò jọ sínú odù, ìyẹn ihò tí ọmọ ayò ti pọ̀ jọ, wọn kò kánjú, títí ihò tèmi fi gbẹ.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, tèmi lò ń wò, o ò ka tìrẹ.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ ayò ta ni ọ̀ta, èmi ni òpè.”

Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn mi. Kí bàbá ọmọbìnrin náà tó fún alárinà lésì, yóò pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà síbi ọpọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ní mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àgbà pa òun kó lè rójú rere. Yóò ta ayò rẹ̀ tọkàntọkàn, bàbá yóò sì fi ìyẹn mọ irú ẹni tó ń tọrọ ọmọ òun. Alẹ́ yìí ni mo máa kọ ọ́.