Níbí, ẹ ṣọ́ ọkọ̀. Nílé, ẹ bèèrè ọ̀nà

Bí ènìyàn bá sọ nílé, ní ilẹ̀ Yorùbá, pé òun fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí ìgbèríko láti lọ fẹsẹ̀ rìn lásán, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé ta ló fẹ́ lọ kí níbẹ̀. Oko ni à ń fẹsẹ̀ lọ, tàbí odò, tàbí ọjà. Níbí, ní Ìlú Ọba, ìrìn yẹn gan-an ni wọ́n bá wá: wọ́n á gbé omi àti búrẹ́dì, wọ́n á rìn kìlómítà 12, wọ́n á sì padà sílé láìru ohunkóhun bọ̀. Àwa tí a ń ṣe é níhà méjèèjì mọ ibi tí ìyàtọ̀ wà. Níbí, ọ̀nà wà fún gbogbo ayé, ọkọ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Nílé, ọkọ̀ kì í wọ́n, ọ̀nà ló ní ẹni tó ni ín.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin gbà kí ẹnikẹ́ni gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kọjá láàárín oko olóko. Ọfà yẹ́lò lára òpó ni ti ẹlẹ́sẹ̀; ọfà búlúù gba ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Lórí máàpù 1:25,000 ti Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù Ìlú Ọba, ìlà aláwọ̀ ewé tó ń já léraléra ni àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sì jẹ́ kìlómítà kan nílẹ̀. Ìlà dúdú tó ń já bẹ́ẹ̀ lè tan àlejò jẹ: ó ń sọ pé ojú ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, kò sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbà á. Bí ẹ bá ṣe bá géètì ni kí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ yàgò fún màlúù tó bá ní ọmọ lẹ́yìn, pàápàá bí ẹ bá mú ajá dání; bí ó bá lé yín, ẹ tú ajá náà sílẹ̀, á sá ju yín lọ.

Ọkọ̀ ló gba ọgbọ́n. Bọ́ọ̀sì ìgbèríko lè jẹ́ ẹyọ kan ní wákàtí kan, tàbí méjì péré lóòjọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. (Fún àwa tí ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ọjọ́ Àìkú lọ́wọ́ wa, kò dùn wá rárá, Sátidé lọjọ́ tiwa.) Ẹ ka àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lórí ìwé àkókò ọkọ̀ náà, nítorí àwọn kan wà tí kì í jáde àfi ọjọ́ tí ọmọ ilé-ìwé ń lọ síléèwé. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ wá fojú sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá fagi lé ti ìkẹyìn, kò sí ọ̀kadà tí yóò dá yín lóhùn lábẹ́ igi ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò ṣírò ẹsẹ̀ yín. Ìlànà tí ará Scotland kan, William Naismith, fi lélẹ̀ ní 1892 ṣì ń wúlò: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí ẹ fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí ẹ bá gùn. Kìlómítà 12 tó ní òkè mítà 300 yóò gbà tó wákàtí mẹ́ta. Ẹ fi wákàtí kan kún un fún oúnjẹ àti àṣìṣe. Bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ ka kìlómítà mẹ́ta sí wákàtí kan. Ẹ má gbàgbé oòrùn. Nílé, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ló ń wọ̀ yípo ọdún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù ní December, ní June ó di lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ẹ wo Box Hill ní Surrey. Bọ́ọ̀sì pupa 465 ń ti Kingston lọ sí Dorking, ó sì ń gba ìsàlẹ̀ òkè náà kọjá. Ó ti jáde kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ owó Lọ́ńdọ̀nù náà ni: £1.75 ní 2025, nígbà tí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì níbòmíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ gbà ju £3 lọ. Káàdì ni kí ẹ mú. Láti 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́. Òkè náà ga ní mítà 224. Òkúta 17 ni wọ́n tò sínú odò Mole láti fi sọdá. Bí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, omi á bò wọ́n. Ẹ má dán an wò, afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà nítòsí. Ẹfun ni ilẹ̀ ibẹ̀, ẹfun tútù a sì máa yọ̀ bí ilá, kánfáàsì pẹlẹbẹ kò gbà á.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè Ìdànrè. Ọkọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ lọ síbẹ̀ kò ní aago. Bó bá ti kún, ó ń lọ. Nínú mọ́tò kékeré, méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn ni. Bí ó bá ku ẹni méjì tí ẹ kò lè dúró, ẹ san owó àyè méjèèjì, dẹ́rẹ́bà á ṣíná. Ẹ bi èrò tó ti jókòó ní iye tó san, torí bí epo bá gòkè, owó ọkọ̀ á tẹ̀lé e. Ní Òdòde, nínú ìlú Ìdànrè, ọ̀kadà á gbé yín dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹ ó san owó ìwọlé, ẹ ó gba ẹni tí yóò mú yín gòkè, ẹ ó wá kọjú sí àtẹ̀gùn tó lé ní 600, pẹ̀lú ibi ìsinmi márùn-ún. Ìlú àtijọ́ àti ààfin Ọwá wà lókè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí àpáta ti gbóná bí agbada. Aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀ ló dára, kí olúkúlùkù gbé lítà omi méjì láti ìsàlẹ̀.

Ìdànrè ní géètì àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà oko lásán kò ní ìkankan nínú wọn. Níbẹ̀, màrìwò tí wọ́n ta dí ọ̀nà ń sọ pé ẹ má wọ̀ ọ́. Ààlè lára igi ń sọ pé ẹ má fọwọ́ kan nǹkan olóko. Kò sí ọfà yẹ́lò tó sọ ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀, ẹ bèèrè bóyá Orò ń jáde lọ́jọ́ náà, pàápàá bí obìnrin bá wà lára yín. Ẹ kígbe "Ẹ kú iṣẹ́ o" kí ẹ tó yọ sí ẹni tó wà nínú oko. Pàkúté ọdẹ kì í sí lójú ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló wà, nítorí náà ẹ má yà síbi tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò náà kò ṣe é fi bò: ẹ má dá lọ, ẹ sì bi àwọn awakọ̀ gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Èsìsì wà níhà méjèèjì, ó ń jó ènìyàn bákan náà. Wèrèpè, ìjàlọ àti paramọ́lẹ̀ jẹ́ tiwa. Tiwọn ni eégbọn tó lè fa àìsàn Lyme. Ẹ ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ yẹ ara wò bí ẹ bá délé.

Ó ku ibi tí a ó parí ìrìn sí. Níbí, ẹ kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì dé ibi tó jìnnà jù, kí ẹ rìn padà sí ìlú tó ní rélùwéè. Bí ẹ bá pẹ́, kò sí wàhálà. Nílé, ẹ parí ìrìn sétí títì. Fún Olúmirìn, omi tó ń já bọ́ látorí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ sọ̀ ní oríta lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, kí ọ̀kadà gbé yín wọlé. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ má san owó àbọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ti padà dé títì kí aago mẹ́rin tó lù. Létí títì, ẹ na ọwọ́. Ẹ nà án ní ìgbèríko Gẹ̀ẹ́sì náà, torí bọ́ọ̀sì tí kò bá rí ọwọ́ lè kọjá lọ, bí ẹ tilẹ̀ dúró sábẹ́ òpó rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀, aago ni kí ẹ tẹ̀, "Ó wà o!" kò yé awakọ̀ ibẹ̀.