Màdáámù ló ń gbọ́ mi látìgbà yẹn!

Ẹ gbà mí o! Lábù èdè ní ẹ̀ka Faransé wa ni mo wà lọ́sàn-án òní, hẹ́dífóònù létí, mò ń gbọ́ Journal en français facile, ìròyìn tí RFI, iléeṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé, dìídì ń ṣe fún àwa tá à ń kọ́ Faransé. Ìṣẹ́jú 10 péré ni, wọ́n sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kéèyàn lè máa fojú bá a lọ. Mo gbọ́ gbólóhùn kan tí rue, ìyẹn òpópónà, wà nínú rẹ̀, mo dá a dúró, mo sín olóòtú jẹ. Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ara mi.

Àfi gbàù tí ohùn màdáámù tó ń kọ́ wa bọ́ sí mi létí: "Ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé. Jẹ́ kí ahọ́n wá síwájú. Ó yá, rue." Wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbọ́ wa lórí tábìlì wọn! Díẹ̀ ló kù kí n já wáyà.

"Rue."

"Tún un sọ."

Wọ́n gba ohùn mi sílẹ̀, wọ́n ń gbé tèmi àti ti olóòtú sí i tẹ̀léra. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Nígbà tó yá, wọ́n ní "Voilà."

DELF, ìdánwò ìwé ẹ̀rí èdè Faransé, ni mò ń múra fún. Àgbọ́yé gba máàkì 25 nínú 100, 50 la fi ń yege, àmọ́ tí tìrẹ kò bá pé 5 ní abala kan, ó parí nìyẹn. Ta ló fẹ́ fi ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kọ́ ìyẹn?

Ẹ̀yin ọmọ ọdún kìíní, ẹ yéé sùn sínú AC lábù, àwa fẹ́ jókòó o.