Ẹ̀yin náà ńkọ́, Àǹtí nọ́ọ̀sì?

Àlàmísì ni, ọjọ́ àwọn aláboyún. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, bẹ́ǹṣì ti kún dé ẹnu ọ̀nà, oòrùn Ìlọrin sì ti ń mú bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Lẹ́yìn ìwọ̀n àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi wọ́n báyìí: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ yín ṣì ń dùn mọ́ yín? Ṣé ọkàn yín kì í rẹ̀wẹ̀sì jù? Tí ìdáhùn bá mú ìfura wá, mo tún ń béèrè oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, àti bóyá wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi. Mo ń kọ ti obìnrin kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ni ó bi mí pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Àǹtí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ká ní 2020 ni ó bi mí!

Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún yẹn ni wọ́n kéde àwọn méjì àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Kwárà. Ilé ìwòsàn Sóbì, níbí ní Ìlọrin, ni wọ́n ń gbé àwọn tí àyẹ̀wò bá mú lọ, àmọ́ kí èèyàn tó dé Sóbì, ọ̀dọ̀ àwa ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni yóò ti kọ́kọ́ wúkọ́. Ara gbígbóná tí ibà ń fà àti ti kòrónà, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ìbòmú tó yẹ kí n jù nù, fífọ̀ ni mò ń fọ̀ ọ́, mo ń sá a sórí okùn.

Iṣẹ́ yẹn kọ́ ló le jù, ilé ni. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń wẹ̀ kí n tó wọlé. Àbígbẹ̀yìn mi á sáré pàdé mi, màá jágbe mọ́ ọn pé kó dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, kò sáré pàdé mi mọ́. Ààwẹ̀ bọ́ sí àárín rẹ̀, kò sí àṣàmù ní mọ́ṣáláṣí. L'Ọ́jà-Ọba, ìyá aláta tí mo ti ń bá rajà tipẹ́ ní kí n ju owó sínú abọ́ omi ọṣẹ. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀. Ó dùn mí ṣá.

Ẹni tó ní sùúrù jù láàárín wa wá di ẹni tó ń pariwo mọ́ aláìsàn. Ó ní oorun ò kun òun mọ́. A ní kó máa gbàdúrà. Àdúrà dáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ṣé àdúrà nìkan la fi ń rán an lọ sílé? Láti 2019 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wàhálà ibi iṣẹ́ tí a ò mójú tó lè tán èèyàn lókun, kí iṣẹ́ sú u, kí ọwọ́ rẹ̀ má ká a mọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún wa nígbà yẹn, ọwọ́ fífọ̀ àti bí a ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́ ni.

Ohun tó gbé wa ró ni abẹ́ igi dóńgóyárò. Tí iṣẹ́ bá parí, a ó jókòó jìnnà síra, ẹnìkan á ra wàrà, a ó máa bú kòrónà, a ó máa bú owó ewu tí kò tíì wọlé. Tí omi bá bọ́ lójú ẹnìkan, a ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ìpàdé ọjọ́ Àtìní, màá dá a lábàá pé kí a máa bi àwa òṣìṣẹ́ náà ní ìbéèrè yìí, kí ẹni tó bá nílò ìsinmi sì gbà á. Wọn á ní ta ni yóò wá dúró sẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni, nítorí wọn ò tíì gba ẹnikẹ́ni rọ́pò àwọn tó fẹ̀yìn tì. Màá sọ ìyẹn náà mọ́ ọn.