Bí orúnkún bá ń dùn yín tí ẹ bá ń sọ̀ lórí bíríìjì, ẹ wo ìdí àti kókósẹ̀

Àwọn tó ń gba bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ ní Oṣòdì sábà máa ń sọ pé gígun àtẹ̀gùn kì í dùn wọ́n ní orúnkún tó sísọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Bí ẹ bá ń gùn ún, iṣan iwájú itan ń súnkì kó lè na orúnkún. Bí ẹ bá ń sọ̀, iṣan kan náà á di bíréèkì: ó ń fà, síbẹ̀ ó ń gùn sí i, ó ń tú orúnkún sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ara má bàa já wálẹ̀ gbì. Iṣẹ́ bíréèkì yìí ń tẹ egungun róbótó iwájú orúnkún mọ́ egungun itan, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń ta.

Ohun tí iṣẹ́ títọ́jú ẹsẹ̀ kọ́ mi ni pé kí n má ṣe tẹjú mọ́ orúnkún nìkan. Kíká àti nínà ni tirẹ̀. Ìbàdí lókè àti kókósẹ̀ nísàlẹ̀ ló ń pinnu ibi tó máa kọjú sí.

Bí ẹ bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí ẹsẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ìbàdí dà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí kò bá lágbára, itan á yí wọnú, orúnkún á sì máa wọ́ lọ bá ìkejì rẹ̀. Ẹrù tí ẹ rà ní Balógun náà wà ńbẹ̀ o: ẹ fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ìdí ti rọ gbé e, torí ọwọ́ òdìkejì ń fi kún iṣẹ́ iṣan náà.

Kókósẹ̀ ńkọ́? Ẹ bọ́ bàtà, ẹ kọjú sí ògiri, kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ wá fi orúnkún kan ògiri láì gbé gìgísẹ̀. Bí kò bá kàn án, ẹ na ẹran ẹ̀yìn ojúgun fún ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orúnkún ní nínà. Lẹ́yìn náà, ẹ ká orúnkún díẹ̀ kí ẹ tún un ṣe. Iṣan òde ré orúnkún àti kókósẹ̀ kọjá, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dé orúnkún. Ìkejì yìí làwọn èèyàn máa ń fò.

Fún okun, ẹ tẹ́ búlọ́ọ̀kù onínṣì 6 sílẹ̀ gbalaja, ẹ fi ẹsẹ̀ kan gùn ún. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ẹ ṣe ń sọ̀ títí gìgísẹ̀ kejì fi kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ padà sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìpele mẹ́ta, kí ẹ máa fo ọjọ́ kan sáàárín. Orúnkún gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ti ara yín sókè, ìyẹn ń jí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ìdí.

Lórí bíríìjì fúnra rẹ̀, ẹ di irin mú. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ sọ̀, èyí tó dá ṣáṣá ni kó kọ́kọ́ gùn. Bí orúnkún bá wú, tó há, tàbí tó ń yẹ̀ lójijì, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kí ẹ tó gun búlọ́ọ̀kù kankan.