Ẹ wo káàdì Wi-Fi yín kẹ́ ẹ tó pa Windows rẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí kọ̀ǹpútà fáwọn èèyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ti pa Windows rẹ́, ó ti install Debian, irú Linux kan, tán, kò rí Wi-Fi kankan, ọjọ́ kejì ló sì fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù yẹn ṣe prójẹ́ẹ̀tì. Ohun tójú mi rí ní 2016 gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan disk, ẹ boot live, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ tan Linux láti orí fláàṣì láì tíì fi sínú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àṣẹ lspci -nn tó ń to ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kẹ́ ẹ wo ìlà Network controller. Tó bá jẹ́ Intel, firmware, fáìlì tó máa ń wọ inú káàdì kó lè ṣiṣẹ́, ló sábà máa ń fẹ́, láti ìgbà tí Debian 12 sì ti jáde lóṣù kẹfà 2023 ni wọ́n ti ń kó firmware pọ̀ mọ́ installer. Tẹ́ ẹ bá rí 14e4, Broadcom, iléeṣẹ́ míì tó ń ṣe káàdì Wi-Fi, nìyẹn, ẹ sinmi ná. Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 14e4:4365, ìyẹn BCM43142, kì í ṣe ọ̀rọ̀ firmware rárá, driver (ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè lo káàdì) tí wọ́n ń pè ní wl ló ń lò, orí kọ̀ǹpútà yín gan-an lẹ ti máa compile ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ máa sọ kóòdù ẹ̀ di ètò tó lè ṣiṣẹ́, irinṣẹ́ tẹ́ ẹ sì máa fi compile ẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Wi-Fi lẹ̀ ń wá, Wi-Fi náà lẹ máa fi wá a.

Ìkejì, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Iléèwé kan n'Íbàdàn gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ méjìlá fún mi, kò sí èyí tó ní ojú tí wọ́n ti ń ki wáyà íntánẹ́ẹ̀tì (LAN) bọ̀ nínú wọn. Àárọ̀ Sátidé kan náà ni mo pa Windows rẹ́ lórí gbogbo wọn, torí mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ mi yá. Netinst ni mo lò, installer kékeré tó ń wá ìyókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí wọ́n tan padà, ojú dúdú pẹ̀lú login lásán, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo sáré lọ sí káfé, mo kó broadcom-sta-dkms, package tí wl wà nínú ẹ̀, sórí fláàṣì, ó ní òun ń wá dkms, ètò tó ń bá èèyàn compile driver, mo padà lọ, dkms ní òun ń wá gcc àti make, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń compile, mo tún padà lọ, ó kù linux-headers, àwọn fáìlì Linux tí driver nílò láti compile, mo gbé e dé, dpkg, ètò tó ń fi package sórí Debian, kọ ọ́ síwájú mi pé "package architecture (i386) does not match system (amd64)". Ti 686, ìyẹn ti kọ̀ǹpútà 32-bit, ni mo gbé wá, bẹ́ẹ̀ 64-bit ni mo fi sórí wọn. Ọ̀gá iléèwé dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n dá Windows wọn padà.

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ látàárọ̀, kò sọ nǹkan kan. Aago mẹ́rin ló tó fa okùn fóònù yọ lápò, ó fi so fóònù ẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó tan USB tethering, tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù lo íntánẹ́ẹ̀tì fóònù, usb0, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà, jáde, ó tẹ dhclient usb0 kó lè gba àdírẹ́sì, ó tán. A tún sources.list, ìwé ibi tí Debian ti ń wá package, ṣe, a fi contrib àti non-free, àwọn apá tí irú driver yìí wà, kún un, apt, ètò tó ń wá package lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó gbogbo ẹ̀ wọlé fúnra ẹ̀, a wá kó àwọn .deb, ìyẹn fáìlì package, tó wà ní /var/cache/apt/archives sórí fláàṣì fún mọ́kànlá tó kù. Ó ní òun fẹ́ kí n fimú dánrin kí n lè gbọ́n ni. Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó bá mọ̀nà tó wo ọmọdé títí tó fi ṣìnà lójú gbogbo èèyàn, kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, ìtìjú ló fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa di ẹ̀gbọ́n lọ́la, tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n ẹ sọ ọ́, ẹ tètè sọ ọ́.

Ọmọ tó pè mí yẹn, mo ní kó fi okùn so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó ní usb0 kò jáde. Mo bi í irú okùn tó ń lò, okùn tí wọ́n fi ń chaji lásán ni, kò ní wáyà dátà nínú. Ó yá ti aládùúgbò ẹ̀, usb0 jáde. Ó compile wl tán, kò load, Secure Boot, ààbò tí kì í jẹ́ kí driver tí kò ní ìfọwọ́sí ṣiṣẹ́, ló dí i lọ́wọ́, mo ní kó wọ BIOS, ibi ètò ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà, lọ pa á. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù lálẹ́ ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, orúkọ Wi-Fi ilé wọn wà lókè pátápátá.