Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò

Lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù kẹjọ ọdún 2025, Tómi, ọmọ àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn, pè mí lórí WhatsApp. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, kò sì béèrè owó. Ìtumọ̀ orúkọ àwọn ẹ̀dá inú Naruto, eré àwòrán Japan kan, ló fẹ́ mọ̀, torí ó mọ̀ pé Japan ni mò ń gbé. "Dádì Kẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, Uzumaki Naruto yìí, kí ló túmọ̀ sí gan-an?"

Inú mi dùn, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń wọ̀ mí lára bí ọ̀rọ̀ orúkọ. Mo sọ fún un pé omi tó ń fi òòyì yí ni uzumaki. Naruto, ní tirẹ̀, orúkọ ibì kan ni ní Shikoku, erékùṣù kan ní Japan, níbi tí omi òkun ti ń gba ọ̀nà tóóró kọjá láàárín erékùṣù náà àti erékùṣù Awaji. Bí omi bá ń kún tàbí tó ń fà, á máa yí bí ẹni ń ro àmàlà. Wọ́n tún ń pe ẹja lílọ̀ funfun kan bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń gé sórí ramen, ìyẹn núdùlù ọlọ́bẹ̀ wọn, torí ilà pupa rẹ́súrẹ́sú tó yí po láàárín rẹ̀. Ó béèrè Uchiha, orúkọ ìdílé kan nínú eré náà. Mo ní láti ara uchiwa ló ti wá, abẹ̀bẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí abẹ̀bẹ̀ fi wà lẹ́yìn aṣọ wọn. Ó béèrè Haruno Sakura. Mo ní haruno ni pápá ìgbà ìrúwé, sakura sì ni òdòdó tí tọmọdé tàgbà máa ń jáde lọ wò ní Japan.

A sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ọmọ yẹn mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ará ilé. Ni mo bá bi í pé, "Tómi, ta ni aṣojú àdúgbò yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀?" Ó dákẹ́. Mo tún béèrè bóyá ó ti ní káàdì ìdìbò. Ó ní, "Dádì Kẹ́mi, kí la fẹ́ fi ṣe? Tí mo bá dìbò, kí ló máa yàtọ̀?"

N kò bá a wí. Ohun tó sọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí, ohun tó sì kó bá mi ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, ọmọ ọdún 24 ni mí, mo wà ní Ìbàdàn, mo ti forúkọ sílẹ̀, káàdì mi sì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ ìdìbò pé, ọkọ̀ kankan kò rìn, títì wa di pápá bọ́ọ̀lù. Òkúta méjì la fi ṣe gòólù. Màmá mi dìbò tán, ó ń bọ̀ pẹ̀lú tádàwà lára àtàǹpàkò rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ò ní lọ ni?" A ní à ń bọ̀. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo wá sí Japan, mo fẹ́yàwó, mo bímọ, mo sì fìdí kalẹ̀. Òfin Japan kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè wọn láyè láti dìbò. Òfin Nàìjíríà kò sì tíì ṣètò ìdìbò fún àwa tá a wà lókè òkun. Mo ti lé ní ọdún 45, n kò tíì dìbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ mi, mo fi gbá bọ́ọ̀lù.

Gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá dé, mo máa ń sin Màmá Kẹ́mi dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní àdúgbò wa. Ọjọ́ Àìkú ló sábà máa ń jẹ́, láti aago 7 àárọ̀ títí di aago 8 alẹ́. Yóò wọlé, èmi yóò dúró lẹ́nu géètì. Pátákó ńlá kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ pósítà gbogbo olùdíje mọ́, oníkálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ara pátákó yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka hiragana, ọ̀kan nínú oríṣi lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ èdè Japan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Oríṣi mìíràn ni kanji, lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀. Ti hiragana kò ní, ìró lásán ló ń gbé jáde. Orúkọ àwọn ará Japan, kanji ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ wà. Tanaka ni àárín oko ìrẹsì, Yamamoto ni ìdí òkè. Ṣùgbọ́n lára pósítà, hiragana gàdàgbà lẹ máa bá. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó ní torí pé olùdìbò ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà, hiragana sì rọrùn láti kọ ju kanji lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Ní Nàìjíríà, àmì ẹgbẹ́ là ń tẹ̀ka sí. Láyé àwọn bàbá wa, ọ̀pẹ ni tàbí àkùkọ. Lónìí, ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀, agboorùn wà níbẹ̀, àti àwọn mìíràn. Orúkọ olùdíje kò sí lórí ìwé ìdìbò wa rárá. Èèyàn lè tẹ̀ka fún ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ní Japan, òfìfo ni ìwé tí wọ́n ń gbé lé èèyàn lọ́wọ́, pẹ̀lú pẹ́ńsù. Bí ẹ bá ń yan èèyàn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀; bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ lẹ ń yan, orúkọ ẹgbẹ́ lẹ máa kọ. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò yóò bá a kọ ọ́. Afọ́jú lè fi lẹ́tà tí wọ́n ń fi ìka kà kọ tirẹ̀. Wọ́n sì ní òfin tó le lórí rẹ̀. Tí ẹ bá fi "san" kún orúkọ náà láti bọ̀wọ̀ fún un, kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ "gambatte" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn "ẹ tiraka", ìbò yẹn ti bàjẹ́. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló lo ìkékúrú kan náà, Minshutō. Ìwé ìdìbò tó lé ní mílíọ̀nù 3 ló wọlé pẹ̀lú ìkékúrú yẹn nìkan, wọ́n sì ní láti pín wọn láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìbò tó dájú tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ṣe pọ̀ tó.

Mo tún bi ìyàwó mi léèrè nípa Makoto, orúkọ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin wọn. Ó ní ó dọwọ́ kanji tí òbí yàn: 誠 ni ẹni tí inú rẹ̀ mọ́, 真 ni òtítọ́. Mo ní, "Ẹni tó ń jẹ́ Òtítọ́, ṣé kò lè parọ́ ni?" Kò dá mi lóhùn. Ó fa ìwé kan yọ, èyí tí ìjọba máa ń fi ránṣẹ́ sí ilé gbogbo kí ìdìbò tó dé, tí olùdíje kọ̀ọ̀kan fi sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ti fi báírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ oníkálukú wọn, níbi tó ti gbà gbọ́ àti níbi tí kò ti gbà gbọ́. Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ilé náà ló yẹ ká wò kí a tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìdìbò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Kẹ́mi. Ọdún 2007 la bí i. Àwa ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Àwọn náà ní ayẹyẹ tiwọn lálẹ́ ọjọ́ keje, oshichiya ni wọ́n ń pè é. Bàbá ìyàwó mi da omi díẹ̀ sórí òkúta, ó ń lọ tádàwà sí i bí ẹni ń lọ osùn, kò yára rárá. Lẹ́yìn náà ló mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kọ 恵美 sórí ìwé funfun, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èmi ti ní Olúwakẹ́mi lọ́kàn. Òun ló wá lẹ́tà tí yóò gbé ìró Kẹ́mi. 恵 ni ìbùkún. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà "ọkàn" ló wà níbẹ̀. 美 ni ẹwà. Àwọn olùkọ́ máa ń ṣàlàyé pé "àgùntàn" ló wà lókè rẹ̀, "ńlá" ló wà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé àgùntàn ńlá wà nínú orúkọ ọmọ, ó ní, "Hẹn-ẹn! A jẹ́ pé wọ́n mọ ìkómọ."

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ará Japan tó bá rí 恵美, Emi ni wọ́n máa kà. Tẹ́lẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ìdílé kì í sọ bí a ṣe ń pe orúkọ. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2025 pé kí wọ́n máa kọ ọ́ sí i, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ kí oníkálukú wo tirẹ̀. Tiwa dé, Emi ni wọ́n kọ. Kẹ́mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Dádì, èmi kọ́ nìyí." Kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kó tó lọ tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwé ìpè ìdìbò dé sí i. Láti ọdún 2016, ọmọ ọdún 18 lè dìbò ní Japan. Kó tó dìgbà náà, 20 ni. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gba àwọn ọmọ ilé ìwé láyè láti bá òbí wọn wọlé, Kẹ́mi sì ti ń bá màmá rẹ̀ lọ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Dádì, ìwé náà ń tú ara rẹ̀!" Òótọ́ ni. Ike wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é, bí ẹ bá ká a sínú àpótí, á tú fúnra rẹ̀, kó lè yá láti kà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2025, ó wọlé fún ara rẹ̀. Oòrùn mú, kòkòrò ń ké lórí igi bí ẹni ń ta iná. Màmá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kó má ya àwòrán ọkàn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Mo bá a di agboorùn rẹ̀ mú lẹ́nu géètì. Nígbà tó jáde, ó ní, "Dádì, ọwọ́ mi gbọ̀n." Ó ní òun kọ orúkọ náà díẹ̀díẹ̀, òun tún un kà lẹ́ẹ̀mejì kóun tó jù ú sínú àpótí. N kò béèrè orúkọ ẹni náà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá ìyàwó mi sọ ìtàn kan tí n kò gbọ́ rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1946, ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin dìbò yan àwọn aṣòfin ní Japan, màmá tirẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, màmá náà ń fi igi tín-ínrín kọ orúkọ olùdíje rẹ̀ sínú eérú ààrò, á pa á rẹ́, á tún un kọ, kó má baà ṣì í. Obìnrin 39 ló wọlé lọ́dún náà.

Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló ń lọ o. Nínú ìdìbò ilé aṣòfin àgbà ọdún 2019, ìdá 48.80 nínú 100 péré ló jáde. Ní 2025, ó di 58.51. Ṣùgbọ́n tiwa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń dùn mí. Ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó dìbò yan ààrẹ kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Tómi. Mo ní kó lọ forúkọ sílẹ̀, torí pé ètò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún ìdìbò 2027, kó má dúró de ọjọ́ ìkẹyìn tí èrò máa pọ̀. Mo ní kó ka orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kó tó kúrò níbẹ̀, bí Kẹ́mi ṣe ka tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì lẹ orúkọ olùdìbò síta, kó tún lọ wò ó. Mo ní lẹ́yìn àmì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èèyàn kan wà tó ní orúkọ: kó wá a, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó béèrè ohun tí onítọ̀hún ti ṣe rí. Tó bá di ọjọ́ náà, kó jẹ́ kí tádàwà gbẹ kó tó ká ìwé, kí àmì ìka má baà ràn mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Kí ó sì pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n jọ lọ kí wọ́n tó gbá a.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó ti lọ. Ó ní Tony ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, òun sì ní kí wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó wá béèrè bóyá Tómi ṣeé kọ ní kanji. Mo ké sí Màmá Kẹ́mi láti ilé ìdáná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tomi wà lédè wọn tẹ́lẹ̀, ọrọ̀ ni: 富. Òrùlé ló wà lókè, ẹnu kan wà lábẹ́ rẹ̀, oko ìrẹsì wà nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i.